Àpò Ìwé Aláwọ̀ Búlúù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀wé sí mi,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ìwé wọn sábẹ́ ìkòkò kọfí,
nínú àpò aláwọ̀ búlúù, búlúù bí òkun Mindelo
láàárọ̀ tí ọkọ̀ ò tíì dé.
Wọ́n ní owó orí ni.
Orí tèmi ti ń ru àpótí tòmátì láti ọjọ́ tí mo ti débí,
ó ń rù ú lóru, nínú ilé onígíláàsì
tó jẹ́ pé iná mànàmáná ni oòrùn ibẹ̀.
Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbé kà á?

Àlejò lójú, kò fi ríran.
Mo lè ka èdè wọn lára páálí wàrà,
mo lè kà á ní ibùdó rélùwéè Rotterdam;
ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ìwé ìjọba,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú irin
tí kì í dúró ní ibùdó kankan.

Zeferino tá a jọ ń gbé yàrá ní,
"Fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọn ò bá rí ẹ, wọn ò rí ẹ nìyẹn."
Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n yọ owó nínú báńkì Zeferino.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ran èèyàn lọ́wọ́ ní láíbìrì,
àjà kejì, lẹ́yìn ìwé àwọn ọmọdé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rù ti ṣẹ́gun mi kí n tó dénú ilé.
Mo gba nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún.
Ará Siria kan jókòó tì mí, ó di ìwé tirẹ̀ sínú àpò ìrẹsì.
Ọmọbìnrin ará Polandi kan ń fi ìka ka oṣù tó ṣiṣẹ́,
ó ń ká ìka èyí tí kò ṣe.
A ò bára wa sọ̀rọ̀. Búlúù ni gbogbo wa mú lọ́wọ́.

Ìyá Tahapary ló pè mí.
Okùn bàtà ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́rùn.
Kò béèrè ibi tí mo ti wá. Ó ní,
"Bọ́ kóòtù ẹ. Ó máa pẹ́ díẹ̀."
Ó ya àpò àkọ́kọ́ bí ẹni ń bó ọsàn.
"Tí a ò bá tètè ya á," ó ní, "ńṣe ló ń sanra."

Èló lo gbà lọ́dún? Mo fi hàn án.
Kí lo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn.
"Ìjọba ò dá owó kẹ̀kẹ́ padà. Ẹsẹ̀ ẹ nìkan ló jèrè."
Ó débì kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró.
"Ṣé o ní ẹnìkejì?"
Mo ní. Ivanilda.
"Ṣé àdírẹ́sì kan náà lẹ ń lò?"

Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?
Ó ń gbé inú fóònù mi láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.
Ó ń gbé inú owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù.
Ìborùn rẹ̀ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí mi ò tíì fọ̀.
"Rárá," ni mo wí.
Ó tẹ rárá. Kò yára tẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà tó fi ní
ọmọ ọdún mẹ́ta lòun nígbà tí ọkọ̀ já àwọn sí èbúté yìí nínú òtútù.
Bàbá òun kó àpò búlúù mẹ́rìnlélógún sínú dúrọ́ọ̀,
kò ya ẹyọ kan títí ó fi kú.
"Èmi ni mo ya wọ́n.
Nínú ọ̀kan, owó ni wọ́n fẹ́ dá padà fún un."

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ wọ́n ní yúrò mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Mo rẹ́rìn-ín títí ará Polandi fi bojú wẹ̀yìn.
Oṣù mẹ́rin tí mi ò sùn, yúrò mọ́kànlélọ́gọ́ta!

Mo yọ ọ̀rá tòmátì jáde.
"A kì í gbẹ̀bùn níbí."
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó mú ẹyọ kan, ó tì í sápò.
"Nọ́ńbà méjìdínlógún!"

Ẹni tó ni àpò ìrẹsì dìde.